Ẹfun Lára Sílíńdà Kẹta

Ní ọdún 1934, nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta ní ilé ìwé ìjọ kan ní Kàbà, Hezekiah Olúbọ̀dé dá iná sí ẹ̀yìn àká iṣu ilé ìwé láti sun iṣu jẹ. Oṣù kejì ọdún ni, koríko ti gbẹ, atẹ́gùn sì ń fẹ́. Mo wà níbẹ̀. Mo sọ fún un pé kó gbé iná rẹ̀ jìnnà, ó ní ojo ni mí. Kí iṣu náà tó jinná, àká ti ń jó.

Nígbà tí ọ̀gá ilé ìwé pè wá jọ tó bèèrè ẹni tó ṣe é, ìka Hezekiah ló kọ́kọ́ gbéra, èmi ló sì nà án sí. Ó ní òun ti kìlọ̀ fún mi, n kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un gan-an ló gbé wọ̀ bí ẹ̀wù. Wọ́n ní kí n fèsì. N kò fèsì. Bí inú bá bí mi, ẹnu mi a máa tì bí ilẹ̀kùn. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Mo rò pé ẹni tó bá lójú yóò rí i pé n kò jẹ̀bi. Kò sẹ́ni tó rí i. Wọ́n nà mí ní ẹgba méjìlá, wọ́n ní kí n má padà wá mọ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé sọ mí ní Dánásunṣu. Bàbá mi fi ọjọ́ mẹ́ta ru iṣu láti inú àká tirẹ̀ lọ fi dí èyí tó jóná. Kò nà mí, kò sì bú mi. Ní ọdún kẹrin lẹ́yìn náà, nígbà tó ń kú lọ, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Isaiah, máa ṣọ́ra fún iná." Ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn.

N kò fi ẹnu kan iṣu sísun láti ọjọ́ náà. N kò sì kí Hezekiah.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé ọmọdé ni wá nígbà náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n odindi ọdún mẹ́rin ni bàbá mi fi wà láàyè lẹ́yìn iná náà, ilé wọn kò sì ju ìwọ̀n tí èèyàn lè sọ òkò dé sí ilé wa lọ. Hezekiah ń kọjá lójúde wa láràárọ̀ pẹ̀lú ìwé lábẹ́ apá. Ó ń kí bàbá mi, "Ẹ okun o, Bàbá." Bàbá mi ń dá a lóhùn.

Nígbà ogun àwọn òyìnbó, mo bá ọkọ̀ ẹrù lọ sí Kánò. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa fi kẹrosíìnì fọ irin ní pápá ọkọ̀ òfúrufú, mo sì gbà á. Sójà òyìnbó kan tó pá lórí ló ń tú ẹ́ńjìnnì níbẹ̀. Ó rí i pé bí mo bá fọ irin, n kì í kàn fọ̀ ọ́, mo máa ń wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń yọ sílíńdà, ilé iná ẹ́ńjìnnì, láìjẹ́ kí apá písítìn jábọ́, bí a ṣe ń lọ ojú fáàfù, ọmọrí rẹ̀ tó ń ṣí tó ń tì, títí yóò fi jókòó pa sí àyè rẹ̀, bí a ṣe ń ti ríìngì tó ń yí písítìn ká sínú sílíńdà kí a lè wọn àlàfo ẹnu rẹ̀, bí a ṣe ń di nọ́ọ̀tì ìdí sílíńdà ní igun sí igun, díẹ̀díẹ̀, kó má bàa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó máa ń sọ pé, "Ohun tí sílíńdà kò bá sọ fún ọ nílẹ̀, yóò sọ ọ́ fún ọ lókè, kò sì sí ẹ̀ka igi tí wàá dì mú níbẹ̀." Ogun parí, ó lọ sílùú rẹ̀. Èmi dúró sí ẹnu iṣẹ́ náà.

Mo fẹ́ obìnrin kan ní Kánò, ọmọ Ìsánlú. Ó lo ọdún méjì pẹ̀lú mi. Ọjọ́ tó ń lọ, ó ní, "Isaiah, o kò nà mí rí, o kò sì fi ebi pa mí. Ṣùgbọ́n ilé rẹ dákẹ́ ju itẹ́ òkú lọ. Ní itẹ́ òkú, ẹyẹ máa ń ké." N kò bẹ̀ ẹ́. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ èèyàn.

Ní ọdún 1953, ìjọ òyìnbó kan la pápá ọkọ̀ òfúrufú kékeré sí ojú ọ̀nà Ìyàmoyè. Wọ́n ní ọkọ̀ kan tí ń gbé oògùn, lẹ́tà àti aláìsàn. Mísítà Bẹ́ẹ̀lì ló ń wà á. Ó kọ̀wé sí Kánò pé òun ń wá ẹni tó mọ sílíńdà, wọ́n sì dárúkọ mi. Inú mi dùn pé mo ń padà sílé. Ọjọ́ tí mo dé, ẹni tó jáde láti ọ́fíìsì pẹ̀lú kálámù létí ni Hezekiah. Ó ti di tíṣà, ó sì tún jẹ́ ògbufọ̀ àti akọ̀wé fún àwọn òyìnbó náà. Mísítà Bẹ́ẹ̀lì gbá mi léjìká, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Isaiah, má dá iná sí ìdí ọkọ̀ mi o. Hezekiah ti sọ fún mi nípa iṣu."

Ẹ ò rí i pé ó tún un sọ. Ọmọ ọdún méjìlá kọ́ ló tún un sọ; ọkùnrin tó ní ìyàwó, tó ń ka Bíbélì fún ìjọ lọ́jọ́ Àìkú ni.

Èmi tí wọ́n ní kí n má sún mọ́ iná, ilé iná ni iṣẹ́ mi láti máa ṣọ́. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ní sílíńdà mẹ́fà, mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan dà bí ìkòkò irin tí wọ́n to lẹbẹ ẹja yí ká, kí atẹ́gùn lè gba àárín lẹbẹ wọ̀nyẹn kọjá kó sì tù ú lára. Inú rẹ̀ ni písítìn ti ń lọ tó ń bọ̀, iná sì ń bú níbẹ̀ ní ìgbà tó ju ẹgbẹ̀rún lọ ní ìṣẹ́jú kan. Láràárọ̀, lẹ́yìn tí mo bá ti rí i pé iná rẹ̀ kú, mo máa ń fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Sílíńdà tó bá lágbára yóò ti ọwọ́ mi padà bí ọmọ tí kò fẹ́ wẹ̀. Èyí tó bá ti rẹ̀ yóò jọ̀wọ́, màá sì gbọ́ afẹ́fẹ́ tó ń sá jáde lára rẹ̀. Bó bá gba ibi èéfín sá, fáàfù ló ń jò. Bó bá ń mí ní ihò tí a ń gbà da òróró, ríìngì ló ti jẹ.

Nígbà òjò, bí ọkọ̀ náà kò bá fò fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo máa ń tú pílọ́ọ̀gì tó ń ta iná sínú àwọn sílíńdà, mo máa ń fọ́n òróró sínú wọn, nítorí òjò ilẹ̀ wa kì í jẹ́ kí irin sinmi. Yóò máa mú kó dógùn-ún nínú. Mo ní agolo mẹ́fà tí mo kọ nọ́ńbà sí lára. Písítìn nọ́ńbà kìíní kò gbọ́dọ̀ wọ ilé nọ́ńbà kejì. Irin méjì tó ti ń ra ara wọn láti ọdún pípẹ́ ti mọ ara wọn. Mo máa ń wò wọ́n, màá ní wọ́n sàn jù mí lọ.

Yàrá páànù kan ní ìdí pápá náà ni mo ń gbé. Ẹ̀wà ni mo ń sè, nítorí ta ni í gún iyán fún ẹnu kan? Ọjọ́ Àìkú ló burú jù. Ohùn orin ìjọ máa ń gba orí koríko pápá wá bá mi, èmi kì í sì í lọ nítorí pé Hezekiah ló ń kàwé níbẹ̀. Màá jókòó ti ọkọ̀ náà, màá nu ohun tí mo ti nù lánàá.

Èdè òyìnbó tí mo lè kọ kò tó nǹkan, Hezekiah ló sì ń kọ ìwé ẹ́ńjìnnì fún mi. Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, yóò mú ìwé náà wá, yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Okun o, Isaiah."

"Nọ́ńbà kìíní dára."

"Òjò àná mà pọ̀ o."

"Nọ́ńbà kejì dára."

"Theresa ní kí n kí ọ."

"Nọ́ńbà kẹta, fáàfù rẹ̀ ń jò díẹ̀."

Ọdún mẹ́ta gbáko nìyẹn. Josiah, tó ń wa lọ́rì ìjọ, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Yóò ní, "Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá Isaiah ní ahọ́n, ẹ bi í nípa sílíńdà."

Theresa ìyàwó Hezekiah kò ṣẹ̀ mí. Ọmọ Ìkòyí ìtòsí wa ni. Ó máa ń gbé ọbẹ̀ ránṣẹ́ sí mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo sì máa ń dá abọ́ náà padà láìṣí i. Ó ṣe é ní ìgbà mẹ́rin kó tó ṣíwọ́.

Oṣù kẹjọ ọdún 1956 ni ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀. Mísítà Bẹ́ẹ̀lì ní ìwà kan tí mo ti bá a jà lé lórí. Bó bá ti òkè tútù ń bọ̀ nílẹ̀, yóò pa agbára ẹ́ńjìnnì lójijì, yóò sì já wálẹ̀ bí àṣá tó rí òròmọdìẹ. Sílíńdà tó gbóná bí ààrò yóò ṣe bẹ́ẹ̀ bọ́ sínú atẹ́gùn tútù. Ẹ da omi tútù sínú ìkòkò tó wà lórí iná kí ẹ wo ohun tí yóò ṣe. Mo sọ fún un, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Isaiah, bẹ́ẹ̀ ni," ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ó bá mọ́tò lọ sí Lókójà fún ìpàdé, ó ní kí n fi àyè yẹn yẹ ẹ́ńjìnnì wò. Ìyẹn ni ọjọ́ Ẹtì. Nọ́ńbà kẹta jọ̀wọ́ nígbà tí mo yí abẹ̀bẹ̀. Mo yọ ọ́, mo ha dúdú inú rẹ̀ kúrò, mo rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì mọ́jú. Ní ọjọ́ kejì mo nù ún gbẹ fínnífínní, mo wá lọ ẹfun kúnná, mo fi pa orí rẹ̀ nínú lóde. Ọgbọ́n tí sójà yẹn kọ́ mi nìyẹn. Kẹrosíìnì kì í gbé orí irin tó pé, ṣùgbọ́n bí ibì kan bá ti sán, yóò wọ ibẹ̀ lọ sá pamọ́. Bí ẹfun bá ti wá gbẹ lórí rẹ̀, kẹrosíìnì náà yóò máa jáde bọ̀ díẹ̀díẹ̀, yóò fi ìlà dúdú hàn lójú funfun. Òyìnbó ní ìyẹ̀fun tiwọn fún un. Èmi ra ẹfun lọ́jà Kàbà.

Ìlà náà jáde. Ó tín-ín-rín bí irun orí, láti ihò pílọ́ọ̀gì dé ìjókòó fáàfù èéfín.

N kò gbà á gbọ́. Mo fọ̀ ọ́, mo tún rẹ ẹ́, mo tún pa ẹfun. Ó jáde. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Ibì kan náà ni. Irú sísán yìí, bó bá là tán lókè, orí sílíńdà lè ṣí kúrò bí ọmọrí ìkòkò.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé tí mo parí ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta yẹn ni mo gbọ́ pé inú ń run Theresa. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, inú náà ti le bí pákó, kò lè na ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́. Ẹni tó ń fún ni lóògùn ní ilé ìjọ sọ pé nǹkan kan ti ń jẹrà nínú ìfun rẹ̀, àfi kí wọ́n là á, àfi ní Ìlọrin. Wọ́n ránṣẹ́ sí Mísítà Bẹ́ẹ̀lì kó máa bọ̀.

N kò fọ ẹfun náà kúrò. Mo gbé sílíńdà náà sórí tábìlì nínú ilé ọkọ̀ òfúrufú, mo kọ ojú ìlà náà sí ẹnu ọ̀nà kí òyìnbó lè rí i bó bá ti wọlé. Mo wá lọ síbi odò lọ bu omi. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Nígbà tí mo padà, Martha, ẹ̀gbọ́n Hezekiah obìnrin, wà nínú ilé ọkọ̀ náà. Òun ló ń tọ́jú ilé àwọn òyìnbó. Ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kún fún ọṣẹ.

"Isaiah! Kí ni Theresa fi ṣe ọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé?"

"O ń bi mí! Ẹfun! O fi ẹfun kun irin ọkọ̀ tí ìyàwó àbúrò mi fẹ́ wọ̀, o wá gbé e kọ ojú sí ilé wa! Nínú ọgbà ìjọ Ọlọ́run! Mo ti fọ̀ ọ́ dànù. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́, mo sì ka Sáàmù kọkànléláàádọ́rùn-ún lé e lórí."

Mo wo tábìlì. Sílíńdà náà ń dán bí abọ́ ọjọ́ ọdún. Ooru omi ń rú lára rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé omi gbígbóná lẹ lò?"

"Ó gbóná dáadáa! Ṣé omi tútù ni wọ́n fi ń lé èṣù ni?"

Mo jókòó sílẹ̀. Ọṣẹ àti omi gbígbóná ti fa gbogbo kẹrosíìnì inú ìlà náà jáde. Kí ẹfun tó lè sọ̀rọ̀ mọ́, àfi kí n tún rẹ sílíńdà náà mọ́jú. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún un, ṣùgbọ́n ó ti sáré jáde, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lóde: "Ẹ wá gbọ́ o! Isaiah Bámigbóyè ti ń fi ẹfun pa nǹkan!"

Mísítà Bẹ́ẹ̀lì dé kí oòrùn tó yẹ̀ lórí. Ìgbà tó fi wọlé, wọ́n ti gbé Theresa wá lórí bẹ́ẹ̀dì olókùn, wọ́n gbé e sí abẹ́ òjìji ilé ọkọ̀. Àwọn obìnrin ìjọ dúró tì í. Josiah náà wà níbẹ̀, ó fara ti lọ́rì rẹ̀. Afárá ti já lójú ọ̀nà tààrà. Bó bá gba ọ̀nà yíyípo, kò lè dé Ìlọrin kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọkọ̀ òfúrufú kò ní lò ju wákàtí kan lọ.

Òyìnbó ní, "Isaiah, dá nọ́ńbà kẹta padà. Wákàtí méjì. Mo fẹ́ gbéra kí aago mẹ́ta tó lù."

Mo ní, "Rárá, sà. Ó ti sán."

Ó gbé sílíńdà náà lọ sí ojú oòrùn. Ó mú awò rẹ̀ jáde, ó wò ó. Ó fi èékánná tọ́ ibi tí mo fi ìka hàn án. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. "Mi ò rí nǹkan kan."

"Ojú kò lè rí i, sà. Ẹfun ló fi hàn mí. Ìgbà mẹ́ta."

"Ẹfun náà dà?"

Mo wo Martha. Ó ká ọwọ́ lérí àyà, ó ń wò mí bí ẹni tó ti borí.

Mísítà Bẹ́ẹ̀lì gbé sílíńdà náà kalẹ̀. Ó pe Hezekiah, tó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ó bá a sọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì kíákíá, mo gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ó wá ní kó túmọ̀ rẹ̀ fún mi kó má bàa sí àṣìgbọ́. Hezekiah dìde. N kò tíì rí i kí ojú rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ rí.

"Mísítà Bẹ́ẹ̀lì ní..." Ó nu ojú. "Ó ní gbogbo ènìyàn mọ̀ pé o kì í kí mi. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá sílíńdà ló sán, tàbí... tàbí nítorí pé ìyàwó mi ni."

Theresa fúnra rẹ̀ yí ojú sí mi láti orí bẹ́ẹ̀dì náà.

Mo ti pa ẹnu mọ́ lẹ́ẹ̀kan rí nígbà tí wọ́n ní kí n fèsì. Mo mọ ohun tó fà.

Mo ní, "Hezekiah, sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni, mo kórìíra rẹ. Mo kórìíra rẹ láti ọdún méjìlélógún. Bí mo bá jí, mo máa ń rántí rẹ kí n tó rántí àdúrà. Sọ ọ́ fún un."

Ó túmọ̀ rẹ̀.

"Wàyí o, sọ fún un pé sílíńdà kò mọ ẹni tí mo kórìíra. Ìgbà kan ti tó láti fi dán irin wò. Ìgbà mẹ́ta ni mo dán an wò, kí inú tó run ìyàwó rẹ, nítorí pé mo mọ ara mi. Bí mo bá fẹ́ kí aya rẹ kú, ohun tí màá ṣe ni pé kí n di irin yìí padà, kí n dákẹ́, kí n máa juwọ́ sí yín."

Josiah ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Yé! Isaiah ní ahọ́n o!" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Mísítà Bẹ́ẹ̀lì ti ara rẹ̀ ṣubú sórí àpótí kan. Òógùn bò ó. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní ọkọ̀ kan, ó ní obìnrin tó ń kú lọ, ó ní irin tí kò rí àbùkù lára rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Ó sọ fún Hezekiah, èyí sì yé mi láìsí ògbufọ̀, "Èmi lè fi ọwọ́ ara mi dá sílíńdà yìí padà. Ìwọ lo bá a dàgbà. Ìwọ lo sọ fún mi pé ó jó oúnjẹ àwọn ọmọ ilé ìwé nítorí inú burúkú. Bí o bá sọ pé irọ́ ló ń pa, a máa fò. Bí o bá sọ pé òótọ́ ni, kí Josiah gbé e lọ. Ó kù sí ọ lọ́wọ́."

Hezekiah wo ọkọ̀ òfúrufú náà. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Theresa sọ nǹkan kan tí n kò gbọ́, Hezekiah tẹ etí sílẹ̀ sí i, ó sì mi orí.

Theresa yè. Kí n ti ibí sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa máa rò ó. Lọ́rì Josiah rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n wọ́n dé Ìlọrin ní àárọ̀, wọ́n là á, ó sì pẹ́ níbẹ̀ kó tó padà wálé. Ní Ọjọ́bọ̀, mo fi ẹfun pa sílíńdà náà ní ìgbà kẹrin lójú Mísítà Bẹ́ẹ̀lì. Ìlà náà jáde. Ó wò ó pẹ́ títí, ó sì kọ́ bí èèyàn ṣe ń rọra sọ̀ kalẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ. Ti Theresa nìyẹn, ti ọkọ̀ náà nìyẹn. Ohun tó kù jẹ́ tèmi.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, Hezekiah nà ró. Ó ní, "Josiah, ta ẹ́ńjìnnì rẹ. A ń bọ̀."

Martha pariwo. "Hezekiah! Lọ́rì? Ṣé o fẹ́ gba ọ̀rọ̀ Dánásunṣu gbọ́ lé Theresa lórí? Ẹni tó jó àká!"

Mísítà Bẹ́ẹ̀lì náà gbójú sókè. Ó bi í léèrè pé kí ló dé tó fi gba ọkùnrin yìí gbọ́, lẹ́yìn gbogbo ohun tó ti sọ fún òun nípa rẹ̀.

Wọ́n ti ń gbé bẹ́ẹ̀dì náà lọ sí ìdí lọ́rì. Hezekiah di igun kan rẹ̀ mú. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, ó sì padà wá. Ó kọ́kọ́ dá òyìnbó lóhùn ní gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ díẹ̀, ojú òyìnbó sì pọ́n. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí àwọn obìnrin ìjọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò wò mí. Ó sọ ọ́ ní èdè wa, ní ohùn tó fi ń ka Bíbélì, tí ẹni tó wà ní òpin pápá lè gbọ́.

Ó ní, "Martha, èmi ni mo jó àká náà. Ebi ń pa mí, mo ń sun iṣu. Isaiah ní kí n gbé iná náà jìnnà, mi ò gbọ́. Nígbà tí wọ́n bèèrè, mo nàka sí i. Wọ́n nà án níṣojú mi, mo ń kà á, ó pé méjìlá. Bàbá rẹ̀ ru iṣu kọjá lójú mi fún ọjọ́ mẹ́ta, mo sì kí i. Ó kú, mi ò sọ. Kò parọ́ mọ́ mi nígbà náà láti gba ara rẹ̀ là, kò sì ní parọ́ mọ́ irin lónìí. Èmi ni. Èmi, Hezekiah, ni mo dá iná náà."